Ohùn Tí Báǹkì Gbà Sílẹ̀

Ọmọ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Akíni. Kì í ṣe orúkọ àbísọ o, ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá bá ẹ nídìí iṣẹ́, yóò kí ẹ kú iṣẹ́. Bí o bá jókòó lásán bí ẹni tí kò níṣẹ́, yóò kí ẹ kú ìjókòó. Bí oòrùn bá ń pa ẹ́ lórí ìlà, kú oòrùn; bí o bá ti ìrìn àjò dé, kú àbọ̀. Bàbá onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wọn máa ń sọ pé bí olè bá wọ àdúgbò, Akíni á kọ́kọ́ kí i kú wàhálà kó tó pariwo. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí òótọ́.

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Télọ̀ ni ìyá náà kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Nígbà tí ojú náà fọ́ tán, kò káwọ́ lérí kó máa sunkún; ó ń bá àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ, ìka ló fi ń ríran. Ṣùgbọ́n ọdún tí ojú yẹn fọ́, ẹnì kan wọlé tọ̀ ọ́ lọ́sàn-án gangan, kò fọhùn, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ, ìyá náà sì jókòó síbẹ̀ tó ń bi í pé, "Ta nìyẹn? Ta nìyẹn?" Láti ìgbà náà ló ti ń fi irin há ilẹ̀kùn látinú. Kọ́kọ́rọ́ ò lè ṣí i. Ohùn ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń ṣí i. Akíni á dé ẹnu ọ̀nà, á ní, "Màámi, ẹ kú ilé o!" Ìyá á ní, "Kú àbọ̀, ọmọ mi," irin á sì dún. Lójú obìnrin yẹn, ẹni tó bá dé tí kò kí ará ilé, bí kò bá jẹ́ olè, àǹjọ̀nú ni.

Nígbà tí yunifásítì gba ìsinmi ọlọ́jọ́ pípẹ́, Akíni rí ààyè ìkọ́ṣẹ́ ní báǹkì ńlá kan láàárín ìlú. Ẹ wá wo ìdùnnú! Ìyá rẹ̀ ń bá gbogbo ẹni tó ń kọjá sọ ọ́. Ó tún gbogbo bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀ rán le, ó ní ọmọ òun ò ní jókòó ní báǹkì kí àyà rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Òtútù ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ láti òkè, gíláàsì ni iwájú, gíláàsì ni ẹ̀yìn, kápẹ́ẹ̀tì sì nípọn débi pé èèyàn á dé ẹ̀yìn ẹ kí o tó mọ̀. Wọ́n fún un ní káàdì tí à ń fi kọ́ ọrùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa to àwọn oníbàárà sórí ìlà, kó bá àwọn àgbà kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù, kó sì máa gbé fáìlì láti yàrá kan sí òmíràn. Iṣẹ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kúkú nìyẹn níbi gbogbo. Akíni ò bínú sí i. Láàárọ̀, ó kí maigádì, ó kí ẹni tó ń nu gíláàsì, ó kí àwọn tó ń sanwó fún èèyàn lẹ́yìn káńtà, títí ara gbogbo wọn fi mọ́ ọn lára.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í dá a lóhùn: ọ̀gá wọn obìnrin, tí gbogbo wọn ń pè ní Màdáámù. Obìnrin náà ò burú, kì í jágbe mọ́ni. Ṣùgbọ́n bí Akíni bá kúnlẹ̀ tó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà," yóò mi orí, yóò sì sọ iṣẹ́ tó fẹ́ kó ṣe, ó parí. Ohùn rẹ̀ ń lọ geere, kò ga, kò rẹlẹ̀, bí ẹni tó ń ka ìkéde jáde. Akíni sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé ìgbéraga ló ń da obìnrin yìí láàmú. Ọmọdé ò mọ nǹkan.

Ní ọjọ́ kan, ẹ̀rọ tó ń pọwó gbé káàdì bàbá àgbàlagbà kan mì. Bàbá náà figbe ta. Ó ní òun ò ní kúrò níbẹ̀, ó ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá, kí wọ́n pe sójà. Maigádì ti ń ká apá aṣọ sókè. Akíni lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìnira. Ẹ kú oòrùn, ẹ kú ìdúró látàárọ̀. Ẹ má bínú, sà." Bàbá náà wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọmọ ta lèyí? Ìwọ nìkan lo mọ̀ pé èèyàn ni mí níbí." Ó jókòó, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Akíni gbójú sókè, Màdáámù wà lórí àtẹ̀gùn tó ń wò ó, bí télọ̀ ṣe ń wo aṣọ tó fẹ́ fi àlùmọ́gàjí kàn.

"Wá," ni Màdáámù wí.

Òkè pátápátá ni wọ́n lọ, sínú yàrá kékeré kan tí wọ́n fi fóòmù dúdú bo ògiri àti àjà rẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ nípọn. Akíni ní, "Yàrá yìí mà dákẹ́ o," ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí òkúta tó bọ́ sínú ẹrẹ̀. Kò dún padà níbi kankan. Lẹ́yìn fèrèsé gíláàsì, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan jókòó ti ẹ̀rọ, ó fi nǹkan dí etí rẹ̀ méjèèjì. Bọ̀dá Agbohùn ni wọ́n ń pè é.

Màdáámù ṣàlàyé. Bí oníbàárà bá pe fóònù báǹkì, ohùn kan ló máa ń dá a lóhùn. Ohùn náà ti pẹ́, báǹkì ń fẹ́ tuntun. Akíni á máa ka ìkíni díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀rọ á gbà á sílẹ̀, á sì máa fi kí àwọn èèyàn. "Bí o bá kà á parí, iṣẹ́ ń dúró dè ẹ́ níbí lọ́jọ́ tí o bá jáde yunifásítì. Mo ti bá àwọn ọ̀gá sọ ọ́."

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń fi ìka rán bọ́tìnì, tí wọ́n ní kó wá máa kíni kó gbaṣẹ́. Ohun tó ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ láti kékeré! Ó ní, "Ẹ ṣeun mà," ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin.

Iná pupa kékeré kan tàn lórí máìkì. "Ẹ káàárọ̀," ni Akíni wí.

"Ẹ tún un sọ," ni Bọ̀dá Agbohùn wí láti inú ẹ̀rọ. "Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí ẹ fẹ́ràn."

Ó rántí ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn, tó ń yí etí sí ọ̀nà tí òun á gbà wọlé. "Ẹ káàárọ̀ o," ó wí, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀.

Iná pupa kú. "Ó ti wọlé," ni Bọ̀dá Agbohùn wí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Akíni lọ kúnlẹ̀ síbi ibùsùn ìyá rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó la ẹnu. Ahọ́n gbéra, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó tún un ṣe, kò sí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́kàn rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n, kò kàn wà lẹ́nu rẹ̀ ni. Ó sáré ní, "Màámi, mo fẹ́ máa lọ síbi iṣẹ́," ìyẹn sì jáde wẹ́rẹ́.

"Háà!" ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ṣé báyìí làwọn ará báǹkì ṣe ń jí ni?"

Akíni di ẹ̀bi náà ru òtútù. Ó fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ ọ̀nà ọ̀fun, ó wé ọrùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó ka ẹ káàsán, ẹ káàsán lọ. Ọjọ́ tó ka ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ lọ. Ẹ kú ewu lọ, ẹ kú oríire lọ, ẹ kú ilé bá wọn lọ. Bí Bọ̀dá Agbohùn bá ti ní, "Ó ti wọlé," Akíni á mọ nǹkan kan tó fò jáde lọ́fun rẹ̀, fẹ́ẹ́, bí ẹni tó yọ irun kan lórí. Ohùn tó kù pàápàá ń gbẹ. Kò ga mọ́, kò rẹlẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ á ní, "Ṣé ara ẹ dá? Ohùn ẹ ń jọ ti ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́."

Ta ló fẹ́ sọ fún? Kó ní kí ni? Pé òun ń kí èèyàn fún báǹkì, ìkíni wá tán lẹ́nu òun? Wọ́n á ní ìwé ti dà á lórí rú. Ó ń bẹ̀rù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó tún ń ro iṣẹ́ náà, ó ń ro ìka ìyá rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ti gún yánna-yànna. Ó ní òun á kà á parí, bóyá ọ̀rọ̀ á padà wá fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣáà ṣì kù. Lálaalẹ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Màámi o!" Kò lè fi ẹ kú ilé tì í mọ́, ṣùgbọ́n Màámi yẹn tó, ìyá á kùn díẹ̀, irin á dún. Akíni á mí, ara rẹ̀ á wálẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ yìí náà bá lọ, ilẹ̀kùn ò ní ṣí.

Ọjọ́ tí ẹ má bínú lọ ni ojú tì í jù. Bàbá onígbàjámọ̀ dá a dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, abẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Akíni! Àbí kí n máa pè ẹ́ ní Awonimáfọhùn? O ń kọjá níwájú mi látìjọ́ bí ẹni tó ń kọjá lára òpó iná. Ṣé owó báǹkì ni wọ́n fi dí ẹ lẹ́nu ni?"

Akíni kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Ó la ẹnu kó bẹ̀bẹ̀. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé.

"Mò ń gbọ́ o," bàbá wí. Oníbàárà tó wà lórí àga ń wò wọ́n tòun ti fóòmù ọṣẹ lẹ́rẹ̀kẹ́. "O ò tiẹ̀ lè ní kí n má bínú? Ó dáa. Ọmọ tó bá ti ju àdúgbò lọ, àdúgbò náà á jù ú sílẹ̀." Ó kọ ẹ̀yìn sí i. Akíni sunkún dé inú ọkọ̀ láàárọ̀ yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, báǹkì ní kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú oníbàárà tuntun wá. Ta ni Akíni fẹ́ bẹ̀, nígbà tí kò lè bẹ̀bẹ̀ mọ́? Ó ṣí àkáǹtì fún ìyá rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà fóònù ìyá náà sí i. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn tuntun náà pe àwọn oníbàárà láti kí wọn.

Ó wà nínú yàrá fóòmù láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ń dúró kí Bọ̀dá Agbohùn to ẹ̀rọ rẹ̀, nígbà tí fóònù rẹ̀ gbọ̀n lápò. Ìyá rẹ̀ ni. Ọmọ wo ni ìyá rẹ̀ á pè tí kò ní dáhùn?

"Màámi?"

"Ọmọ mi, o ṣeun o!" Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín bíi ti ìgbà tó ṣì ń ríran. "O ṣeun tí o pè mí lẹ́ẹ̀kan. O kí mi kú ojúmọ́, o kí mi kú iṣẹ́, o tiẹ̀ ní ẹ kú ìfọkàntánni. Mo ní, àṣé ọmọ mi ò tíì sọnù! Inú mi dùn débi pé mo tún pè ọ́ padà, o sì tún kí mi."

"Màámi, èmi kọ́. Ẹ̀rọ ni, Màámi. Ẹ gbọ́ mi."

"Ẹ̀rọ kẹ̀? Ẹ̀rọ wo ló máa kí mi pẹ̀lú ẹ̀rín ọmọ mi? Ìwọ tí ò ń sọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ohùn ẹ dà bí ẹ̀rọ. Lọ sinmi, jàre." Ó gé fóònù.

Akíni yíjú. Iná pupa ń tàn lórí máìkì. Lẹ́yìn gíláàsì, Bọ̀dá Agbohùn ń mi orí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ orin tó dùn. Akíni ti ilẹ̀kùn ṣí, ó sáré sọ̀kalẹ̀, kò kan ilẹ̀kùn Màdáámù kó tó wọlé.

"Mi ò kà mọ́ mà," ó wí. "Ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Ẹ gbà á padà fún mi."

Màdáámù ò bínú, kò yà á lẹ́nu. Ó fa fóònù orí tábìlì mọ́ra, ó tẹ nọ́ńbà báǹkì àtijọ́ kan, ó sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa gbọ́ ọ. Ọmọbìnrin kan dáhùn. Ohùn rẹ̀ tutù, ó kún fún ẹ̀rín, ó ń rìn sókè sódò bí ẹni tó ń bọ̀ wá dì mọ́ni: "Ẹ káàárọ̀ o! Ẹ kú àtijọ́! Ẹ kú ìdúró tì wá o!" Akíni fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín sí i láìmọ̀. Lẹ́yìn náà ló rí ojú Màdáámù. Obìnrin náà ń wo fóònù bí ìyá tó ń wo fọ́tò ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun.

"Èmi nìyẹn," Màdáámù wí nínú ohùn rẹ̀ tó ń lọ geere. "Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni mí nígbà náà. Àwọn ọmọ tí mo bí ò tíì gbọ́ kú àbọ̀ lẹ́nu mi rí. Wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn."

"Ẹ ò wá gbà á padà?"

"Mo máa ń pè é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń kí mi." Ó gbé fóònù náà kalẹ̀. "Ó máa ń mọ́ni lára."

Akíni di etí tábìlì mú. "Kí ló kù tí ẹ fẹ́ kí n kà?"

"Bí a ṣe ń pe ìbátan. Bàámi, Màámi, Bọ̀dá mi, Àǹtí mi. Oníbàárà fẹ́ kí a pe àwọn bí ará ilé."

"Mi ò ní kà á láé! Ẹ mú iṣẹ́ yín, ẹ mú un pátápátá, mi ò fẹ́. Ìyá mi ò ríran mà. Ohùn yẹn ló fi mọ̀ mí!"

Màdáámù mi orí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó fẹ́ bẹ̀bẹ̀. "O ò ní láti kà á mọ́," ó wí. "O dá ìyá ẹ lóhùn lókè lẹ́ẹ̀kan. Ó ti wọlé."

Akíni pa ètè pọ̀ níbẹ̀ kó pe ìyá rẹ̀. Ètè pàdé, kò sí nǹkan lẹ́yìn wọn.

Bó ṣe dé ilé, kò mọ̀ ọ́n. Oòrùn ọ̀sán mú, àdúgbò dákẹ́. Bàbá onígbàjámọ̀ jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Akíni na ọwọ́ sí i pé kó wá, kó wá bá òun jẹ́rìí, bàbá náà yí àga rẹ̀ sí ògiri. Akíni fi ọwọ́ méjèèjì gbá ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?" ìyá rẹ̀ wí látinú.

"Èmi ni. Ẹ ṣílẹ̀kùn." Bó ṣe sọ ọ́ ló gbọ́ ọ fúnra rẹ̀: ohùn tó ń lọ geere, ohùn ẹni tó ń ka ìkéde.

"Ìwọ ta ni?"

"Akíni ni."

Ìyá náà gbé fóònù kúrò létí. "Akíni wà lórí fóònù," ó wí. "Òun ló ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ mi ṣeré."

Akíni gbé ojú lé pákó ilẹ̀kùn. Ó ń sọ gbogbo ohun tó ṣì lè sọ. Ó ní, ẹ̀yin lẹ rán bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ yìí le. Ó ní, ẹ ní àyà mi ò ní ṣí sílẹ̀ ní báǹkì. Ó ní, nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ yín lọ, orí ẹsẹ̀ yín ni mo sùn mọ́jú. Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n ohùn náà kò gbọ̀n. Nínú ilé, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gbọ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ lórí irin. Ilẹ̀kùn nìkan ló wà láàárín wọn, ó ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Bó bá jẹ́ ìwọ ni lóòótọ́," ìyá rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ jẹ́jẹ́, "pè mí bí o ṣe máa ń pè mí."

Akíni la ẹnu. Ó fa gbogbo agbára inú rẹ̀ jọ, ó pa ètè pọ̀, ó la á, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ìyá rẹ̀ ń dúró. Ó dúró pẹ́.

"Màámi?" ni ohùn kan wí nínú ilé, láti inú fóònù tó wà lọ́wọ́ ìyá náà. Ó tutù, ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. "Màámi, ẹ má dá ẹni tí ẹ kò mọ̀ lóhùn o." Bí báǹkì ṣe máa ń kìlọ̀ fún gbogbo oníbàárà nìyẹn.

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi," ìyá náà wí. Ó tún irin náà tì wọlé dáadáa. Nítorí pé obìnrin tó mọ ìwà hù ni, kò jẹ́ kí àlejò lọ lófìfo.

"Ẹ kú ìdúró o," ó kí i láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ẹ kú oòrùn. Ẹ má bínú sí mi, ọmọ mi ló ní kí n má ṣí i."